Ọmọ Tí A Kò Rí ní Mísà



Àwọn ilé kan wà nínú páríṣì wa tí ìyá máa ń wá sí Mísà kìn-ín-ní, tí bàbá sì máa ń wá sí èkejì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń rí i. A rò pé ọ̀rọ̀ oko tàbí ọjà ni. Ìgbà tí a ń bẹ àwọn ilé wò ní àkókò Àwẹ̀ tó kọjá ni ojú wa tó là. Ní ilé kan, a ti jókòó, wọ́n ti bu omi fún wa, a ti kí ara wa tán, kí a tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìyá ilé wo ilẹ̀.

"Ìyá wa, ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má bínú, ọmọ mi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Kò lè dá jókòó, kò sì lè sọ̀rọ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án! Ilé náà kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A kò mọ̀ rárá pé ọmọ náà wà láyé. Àwa ni ojú kọ́kọ́ tì.

A kò dá ìyá náà lẹ́bi. Ta ni kò mọ ohun tí ẹnu ayé ń sọ? Wọ́n á ní ọmọ omi ni, wọ́n á ní ejò ni. Àwọn Fọ̀n tí a jọ ń gbé máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní tohosu, ọba inú omi. Ní tiwa, àwọn baba ńlá wa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òòṣà, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn sàn ju èébú lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé ó mú ẹnikẹ́ni dé ilé ìwé. Ìyá ọkọ yóò bèèrè ohun tí ìyàwó jẹ nígbà oyún, ọkọ yóò ní kò sí irú rẹ̀ rí nínú ìdílé tòun. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, wọ́n bi Jésù bóyá òun ló ṣẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti gba èsì yẹn, síbẹ̀ a ṣì ń bi ìbéèrè náà nínú agbo ilé wa.

Àwọn dókítà náà ní èsì tiwọn. Ọmọ lè má tètè sunkún nígbà tí a bí i, kí èémí má tètè dé ọpọlọ rẹ̀. Ibà pọ́njú lè mú ọmọ tuntun, kí wọ́n máa fi àgbo wẹ̀ ẹ́ nílé títí yóò fi pẹ́ jù. Ibà ẹ̀fọn lè gun orí ọmọ tó ti ń rìn. Èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí lè sọ ara ọmọ di gígan tàbí kí ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí ojú wọn jọra bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn, tí wọn kì í tètè rìn, tí wọn kì í tètè sọ̀rọ̀. Ní Paris ní 1959, Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin fi ìdí rẹ̀ hàn: kromosóòmù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-tín tó ń gbé àbùdá wa, jẹ́ 47 nínú ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dípò 46. Trisomie 21 ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wíwọ́ tí a ń gbé wá láti inú oyún, nítorí ibẹ̀ ni fífi ọmọ pamọ́ ti ń ná wa ní ohun púpọ̀. Bí a bá gbé ọmọ náà lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bí i, wọn yóò rọra tọ́ ẹsẹ̀ náà, wọn yóò fi pílátà dì í, wọn yóò sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn yóò tún la ojú kékeré kan sí iṣan gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ yóò máa wọ bàtà tí irin so pọ̀ sùn lóru títí tí yóò fi tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyẹn gan-an ni àwọn òbí kì í ní sùúrù fún, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà yóò tún wọ́ padà bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi pamọ́ fún ọdún mélòó kan lè di iṣẹ́ ọ̀bẹ. Àwọn Fúrérè ti Jòhánù Mímọ́ ti Ọlọ́run ní ilé ìwòsàn ní Afagnan ní Tógò láti 1964 àti ní Tanguiéta láti 1970. Ọ̀nà Tanguiéta jìn sí wa, a mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi agbẹ̀bí tó wà nítòsí yín.

Fún ọmọ bíi ti ilé tí a bẹ̀ wò yẹn, kò sí oògùn tí yóò gbé e dìde, a kò sì ní purọ́ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun ní ìdùbúlẹ̀, oúnjẹ sì ń sá gba ọ̀nà èémí, ni àyà rẹ̀ ṣe ń dùn ún léraléra. Kí a gbé e jókòó, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí a fi ṣíbí kékeré fún un, kí a má kánjú. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti kan àga fún un, ó ní apá méjèèjì àti ìgbànú. Owó pákó nìkan ló gbà.

Adití náà ńkọ́? A máa ń pè é ní odi, a sì máa ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tí kò lóye. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà, di adití ní ọmọ ọdún 11. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, kí ó sì tó kú ní 1987, ó ti lé ní 30 tó ti dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Ní Louho, ní Àjàṣẹ́ níbí, àwọn ọmọ adití àti àwọn tó ń gbọ́ràn ti jọ ń kàwé nínú kíláàsì kan náà, wọ́n sì jọ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ lọ wò ó.

Ìdílé kan wà ní Faransé ní òpin àwọn ọdún 1960 tí ọmọkùnrin wọn méjèèjì jẹ́ aláàbọ̀ ara. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ará ìjọ lọ sí Lourdes, wọn kò gbà wọ́n. Wọ́n dá lọ. Òtẹ́ẹ̀lì tó gbà wọ́n ní kí wọ́n máa jẹun nínú yàrá wọn, kí àwọn àlejò má baà rí wọn. Láti inú ẹkún ìdílé yẹn ni Marie-Hélène Mathieu àti Jean Vanier ti pe ìrìn àjò mímọ́ ti Àjíǹde 1971 ní Lourdes: 12,000 ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 15, tí 4,000 nínú wọn jẹ́ ẹni tí ọpọlọ wọn kò pé. Báyìí ni Foi et Lumière ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí 30 ènìyàn ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: àwọn ọmọ náà, òbí wọn, àti àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n ń pàdé lóṣooṣù láti gbàdúrà, láti jẹun, láti gbọ́ ti ara wọn. Lẹ́yìn tí Vanier kú ní 2019, ìwádìí tó jáde ní 2020 fi hàn pé ó ti fi ipò rẹ̀ bá àwọn obìnrin kan ṣe ohun tí kò tọ́. Àwa tí a ń sọ pé kí a má fi ọmọ pamọ́ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Iṣẹ́ àwọn òbí náà kò di asán.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Bàbá kan nínú wa mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé kan, ọ̀gá ibẹ̀ ní àga òun kò gba irú rẹ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Kò mọ̀ pé ìwé wà. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2006. Tógò wọ̀ ọ́ ní 2011, Benin ní 2012. Ìpín kẹtàlélógún rẹ̀ dárúkọ fífi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ dènà. Ìkẹrìnlélógún ní a kò gbọdọ̀ tìtorí àìlera lé ọmọ kúrò ní ilé ìwé tí àwọn yòókù ń lọ. Tógò ní òfin tirẹ̀, 2004-005, ti 23 oṣù kẹrin 2004. Ti Benin ni 2017-06, ti 29 oṣù kẹsàn-án 2017. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sí ẹ̀yìn ìwé àdúrà yín.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ má dá lọ. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání. Ọmọ tí kò ní in, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì. Ẹni tó ń fi ẹnu lé ọmọ kúrò kì í sábà fẹ́ fi ọwọ́ kọ ọ́. FAPHB ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní Benin, FETAPH ni ti Tógò. Wọ́n mọ ọ̀nà ju wa lọ.

Fún àwa nínú Ìjọ, ìwé òfin ti 1983, ẹsẹ 777, ní kí àlùfáà páríṣì rí i pé a kọ́ àwọn tí ara tàbí ọpọlọ wọn kò pé ní katikísímù bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ẹ̀yin katikísì, ẹ kà á dáadáa.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bàbá pọn ọmọ náà wá sí Mísà kìn-ín-ní. A gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù. Ó kígbe ńlá kan nígbà tí agogo ìyàsímímọ́ dún, àwọn kan bojú wẹ̀yìn, Fada ń bá Mísà lọ. Bàbá àti ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

A ó máa pàdé ní Sátidé kejì oṣù, nínú yàrá katikísímù, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọ̀. Ẹ mú ẹní wá. Ẹni tí kò bá ní owó zémì, kí ó ránṣẹ́, a ó wá gbé ọmọ náà.