Bí Kọ̀ǹpútà Kò Bá Jí: Ohun Tí Ètò BIOS Ń Fi Ojú Wa Rí

Láàrin àwa tí a ń lo kọ̀ǹpútà, yálà a jẹ́ olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, èrò kan wọ́pọ̀ tí mo fẹ́ tako nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èrò náà ni pé, bí a bá tan kọ̀ǹpútà tí kò jí, tí ó kàn ń kọ “No bootable device” tàbí ohun mìíràn tí ó jọ bẹ́ẹ̀ sójú, a jẹ́ pé dísìkì inú rẹ̀ ti kú, gbogbo ohun tí a tọ́jú síbẹ̀ sì ti bá a lọ. Lóòótọ́, dísìkì a máa kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹnì kan fọwọ́ kan ètò inú BIOS ni ìṣòro náà dé, kò wọ́pọ̀ kí ó jẹ́ dísìkì ni ó kú. Ẹ̀rọ ni ó ṣìnà; ilé tí ó ń wá kò kúrò níbi tí ó wà.

Kí ni BIOS yìí? Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà, Windows kọ́ ni ó kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan wà tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ sórí motherboard, ìyẹn pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́. Òun ni yóò yẹ RAM wò, tí yóò yẹ àwọn ẹ̀yà yòókù wò, tí yóò sì wá ibi tí Windows tàbí Linux wà kí ó lè fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nínú kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1981, súìṣì kéékèèké tí ó wà lórí pátákó náà ni a fi ń to ètò ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá tú u kò lè dé ibẹ̀. Ní 1984, nígbà tí PC/AT jáde, ètò náà bọ́ sínú ègé kan tí bátìrì ń gbé ró, a sì lè yí i láìtú ẹ̀rọ. Ìrọ̀rùn ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọwọ́ kò ti jìnnà sí i mọ́.

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà òde òní ń gbà wá Windows. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní Legacy: yóò ka baiti 512 àkọ́kọ́ lórí dísìkì, ohun tí ó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò tọ́ka ọ̀nà fún un. Ọ̀nà tuntun ni UEFI, tí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń bójú tó láti 2005. Èyí kì í tẹ̀ lé ìtọ́ka àtijọ́ yẹn. Yàrá kékeré kan lórí dísìkì ni ó ń wọ̀, kí ó lè rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí.efi. Bí ó bá ṣe ọ̀nà àtijọ́ ni a fi gbé Windows sórí ẹ̀rọ, kì í sábà sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. UEFI yóò wá a tì, yóò sì ní òun kò rí nǹkan kan.

Irú rẹ̀ ṣojú mi ní Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo. Ọ̀rọ̀ bítúmẹ̀nì, ọ̀dà inú ilẹ̀ tí ó mú orúkọ ìlú náà kàn, ni mo bá lọ, kí n lè gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹni tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan. Inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó wà ní pálọ̀ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án wà: iye tí olúkúlùkù dá, ẹni tí ó yá owó, ẹni tí ó ti san, ẹni tí ó ti kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń retí owó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ pé Microsoft yóò ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, 2025, àti pé UEFI ni Windows 11 ń fẹ́. Ó wọ inú BIOS lọ, ó yí Legacy sí UEFI. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ kò ti jí mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀rẹ́, ẹni tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ sì ní àfi kí òun fọ́máàtì í.

“Wọ́n ní bí àwọn bá ti nù ún, yóò máa ṣiṣẹ́ bí tuntun,” ni Bàbá Akọ̀wé wí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n nù ún,” ni mo dáhùn. “Àkọsílẹ̀ yín ni wọn yóò nù.”

Ẹni tí ó fún wọn ní ìmọ̀ràn yẹn kò purọ́. Ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan ni ó ń tọ́jú. Kò bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà kí a tó mú ohunkóhun dání.

A tan ẹ̀rọ náà, a ń tẹ F2 léraléra títí BIOS fi ṣí. Delete, F1 tàbí F10 ni ó máa ń jẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Orúkọ dísìkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Bí BIOS bá ń dárúkọ dísìkì, ó kéré tán, dísìkì náà ń dáhùn. A dá UEFI padà sí Legacy, a tọ́jú ìyípadà náà, Windows sì jí. Kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn, a da àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà sórí fíláàṣì méjì. Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ ní TPM 2.0 tí Windows 11 ń béèrè, nítorí náà asán ni ìyípadà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀ lè lo MBR2GPT, tí Microsoft fi kún Windows 10 ní 2017, láti sọ dísìkì di ti ọ̀nà tuntun láìnu ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ da iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn, kí ó lo MBR2GPT, lẹ́yìn náà ni kí ó tó yí BIOS.

Bí kò bá sí ẹni tí ó rántí ohun tí wọ́n yí ńkọ́? Ẹ wo ohun tí ojú ẹ̀rọ ń kọ. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù, tí ó kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, Windows ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ṣùgbọ́n kò lè bá dísìkì sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yí AHCI sí RAID, tàbí RAID sí AHCI. Ẹ dá a padà. Ẹyọ ohun kan ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyípadà yìí kì í nu dísìkì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí dísìkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá so pọ̀ ní RAID, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú pátápátá, bóyá nítorí pé ẹnì kan fẹ́ kí RAM sáré ju agbára rẹ̀ lọ, a kò lè dé inú BIOS rárá. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ, kí ẹ tó yọ bátìrì róbótó pẹlẹbẹ bí kọ́bọ̀ tí ó wà lórí motherboard. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ dá a padà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, BIOS yóò padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é.

Bátìrì yìí, CR2032 oní-fóòtì 3, ni mo kà sí ọ̀tá ìkọ̀kọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Nígbà tí iná bá wà, ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ púpọ̀, òun nìkan ni ó ń gbé aago àti ètò ró, ó sì ti lo ọdún púpọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Bí ó bá tán, aago yóò padà sí ọdún àtijọ́, ètò BIOS nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ yóò sì yí padà láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti ń ṣì ní gbogbo òwúrọ̀, kí ó kọ ètò BIOS rẹ̀ sórí ìwé, kí ó tó pààrọ̀ bátìrì náà.

Ó ku ti àwọn tí ẹ̀rọ wọn ní BitLocker, tí ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísìkì. Bí wọ́n bá yí Secure Boot tàbí TPM, ẹ̀rọ lè béèrè nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn oníye 48. Bí nọ́ńbà náà kò bá sí lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò lè ka ohun tí ó wà lórí dísìkì náà, ì báà jẹ́ ní Ọ̀rẹ́ tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ sì so BitLocker rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó tẹ F2.