Ta Ló Jẹ Ìpín Ọkọ̀?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí òwe yìí bá ń wá ẹni tí yóò bá wí lónìí, kí ó lọ sí etí omi. Níbẹ̀ ni yóò ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja tó ti dá àjọ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tó wá rí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sábẹ́ igi àgbọn, tí ẹni tó ni ín sì ń pe iye tí kò tó ìdajì owó ọkọ̀ tuntun. Inú ọmọkùnrin náà dùn. Lójú tirẹ̀, pákó mélòó kan ni ó kù, ìṣó díẹ̀, ọ̀dà agolo kan, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fún káfíńtà. Kí òjò tó dé, òun náà yóò ti kúrò ní ẹni tí ń tukọ̀ fún olówó, yóò ti di ọlọ́kọ̀.

Kò sí ẹ̀gàn nínú ọkọ̀ àlòkù. Láti Àgbádárìgì dé ọ̀sà Èkó, láti Ẹ̀pẹ́ dé àwọn ìlú Ìlàjẹ lẹ́bàá òkun, ọ̀nà tí apẹja aláìlówó ń gbà di ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kí àgbà tó mọ iṣẹ́ omi tó wo pákó, kí ó tó béèrè iye owó, ọ̀rọ̀ kan ni yóò kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò nínú ara rẹ̀: ta ló jẹ ìpín ọkọ̀ yìí?

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gbé etí omi rí lè má mọ ohun tí ìbéèrè náà túmọ̀ sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn kì í pín owó ẹja láàrin àwọn ènìyàn nìkan. Owó epo, owó yìnyín àti owó oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń pín èyí tó kù: àwọn ọmọ ọkọ̀ gba tiwọn, àwọ̀n gba tirẹ̀, ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì gba tirẹ̀. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe tó yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, àní láti ọ̀gá dé ọ̀gá, ṣùgbọ́n ìlànà náà gbilẹ̀ káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igi tí kò lẹ́nu, tí kò níkùn, jókòó ti àwọn ènìyàn bí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ń bu tirẹ̀ fún un.

Àlejò lè rò pé ọgbọ́n tí ọlọ́kọ̀ fi ń gba méjì nìyẹn. Lóòótọ́, ọwọ́ ọlọ́kọ̀ ni ìpín náà ń bọ́ sí, èrè owó tó fi ra ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ń jẹun. Òwú ni ó ń jẹ, àti ọ̀dà, àti ìṣó, àti pákó tuntun níbi tí omi bá ti jẹ èyí ti àtijọ́. Kì í béèrè oúnjẹ lójoojúmọ́, èyí gan-an sì ni ewu ibẹ̀. Ìkómọ dé, ọlọ́kọ̀ fọwọ́ kan owó ọkọ̀. Owó ilé-ìwé dé, ó tún fọwọ́ kàn án. Àna rẹ̀ ń ṣòkú, aṣọ ẹbí kò ṣe é kọ̀. Ní ọdún kìíní, kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Ní ọdún kejì, ojú àsopọ̀ pákó bẹ̀rẹ̀ sí í là, ọmọ kékeré kan sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa fi igbá gbọ́n omi dà nù ní gbogbo ìgbà tí àwọn àgbà bá ń da àwọ̀n. Ní ọdún kẹta, àwọn ọmọ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ bá ọ̀gá mìíràn. Nígbà náà ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ gòkè, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sábẹ́ àgbọn, tí owó rẹ̀ sì já wálẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó rí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kò rí ẹ̀dínwó. Gbèsè ni ó rí. Ìpín ọdún mẹ́ta tí ẹlòmíràn ti jẹ ni òun yóò san padà fún igi náà kí ó tó gbà láti gbé e.

Ní ayé àtijọ́, oúnjẹ ọkọ̀ kò pọ̀ tó báyìí. Odindi igi kan ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ di ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ: ìrókò, tàbí ọ̀mọ̀, tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀. Wọn kì í ṣàdédé gé ìrókò láìtù ú lójú, nítorí ìgbàgbọ́ pé Olúwéré ń gbé inú rẹ̀. Ògún tó ni irin sì gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ kí àáké tó kan igi. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ojú àsopọ̀ tí yóò là, kò ní ìṣó tí yóò dípẹtà. Ó lè sán, ó lè jẹrà, ó tán. Ṣùgbọ́n igi ńlá ti di ọ̀wọ́n nínú igbó, pákó ni ó sì gba ipò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún là ní Òkòbàbà lẹ́bàá Mákòkó, níbi tí gẹdú ti ń léfòó gba orí ọ̀sà wá láti àwọn igbó Oǹdó àti ibòmíràn. Pákó jẹ́ kí ọkọ̀ gùn kí ó sì fẹ̀ bí ènìyàn bá ṣe fẹ́. Òun náà ló sọ ọkọ̀ di alájẹkì.

Ìlú Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ ní 1947, lókìkí fún ọkọ̀ kíkàn. Ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ náà, gbogbo ìlú ló jọ ni dúkìá, kò sì sí ẹnìkan tí yóò dá jẹ ìpín ọkọ̀ fún ìkómọ ọmọ tirẹ̀. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ ìlú náà báyìí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Báwo ni olùrà yóò ṣe wá mọ bí gbèsè ọkọ̀ ṣe tó? Etí ni àwọn àgbà ń kọ́kọ́ lò. Wọ́n á fi òòlù kékeré tàbí èkù ọ̀bẹ kan pákó láti orí dé ìdí ọkọ̀. Igi tó yè á dáhùn kọ́, kọ́, kọ́. Èyí tó ti jẹrà nínú á dáhùn gbì, bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, kò sì yani lẹ́nu pé etí kan náà ni wọ́n fi ń dá méjèèjì mọ̀. Lẹ́yìn etí ni ṣóńṣó ọ̀bẹ. Ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ tẹ̀ mọ́ jù lọ ni ìlà tí omi ń dé lára ọkọ̀, tó ń tutù láàárọ̀ tó sì ń gbẹ lọ́sàn-án, àti ìdí àwọn igi egungun ọkọ̀ níbi tí omi òjò máa ń dá sí. Ohun tó ń mú igi jẹrà nílò omi, ó sì nílò afẹ́fẹ́. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ó ń kọ́lé sí.

Ẹ̀rí èyí wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe báyìí, ṣe kòńgẹ́ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan nínú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó ti tó nǹkan bí ọdún 8,000, òun sì ni ọkọ̀ tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n tí ì rí ní Áfíríkà. Ó gùn ju mítà 8 lọ. Ọ̀dà kọ́ ló pa á mọ́. Amọ̀ tó kún fún omi ló bò ó mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè dé ara rẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ àgbọn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: òjò ń rọ̀ sí i, oòrùn ń pa á, ọdún sì ń gorí ọdún.

Kí olùrà ṣọ́ra fún ọ̀dà tuntun. Ẹni tó pa ọkọ̀ tì fún ọdún kan gbáko, tó wá kùn ún ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ tà á, ohun kan wà tó ń bò mọ́lẹ̀. Kí ó ṣọ́ra fún páànù tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni egbò máa ń wà. Kí ó wo ẹsẹ̀ ìṣó. Bí igi tó yí ìṣó ká bá ti dúdú tó sì ti rọ̀, ìṣó náà kò di ohunkóhun mú mọ́.

Ìbéèrè kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í bi ẹni tó ń tà: omi wo ni ọkọ̀ yìí ti ṣiṣẹ́? Gbogbo omi kọ́ ló rí bákan náà. Ọ̀sà Lẹ́kìí kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sà Èkó ń gba omi òkun wọlé. Iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fọ̀ ọ́ nù nígbà òjò. Nínú omi oníyọ̀ ni ohun tó ń lu igi wà. Kòkòrò ni wọ́n ń pè é, ó sì rí bí ekòló, àmọ́ ẹbí àwọn ẹran omi oníkarahun ni. Ihò tó gbà wọlé kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Inú pákó ló ti ń dàgbà, tó ń la ọ̀nà kiri, tí ara pákó lóde sì ń dán bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Ọjọ́ tí ìgbì bá lù ú dáadáa ni yóò ṣẹ́. Àwọn apẹja etíkun ti mọ èyí kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé: wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ gòkè lóòrèkóòrè, wọ́n ń jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n sì ń fi iná ra abẹ́ rẹ̀ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè kú. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ máa ń bá kòkòrò yìí jà pẹ́. Arère, tó fúyẹ́ tó sì rọrùn láti là, oúnjẹ rẹ̀ ni.

Ẹ́ńjìnì ńkọ́? Ọjà ọ̀tọ̀ ni, ó sì sàn kí wọ́n ná an lọ́tọ̀. Kí wọ́n tàn án nínú omi, kí wọ́n wò bóyá omi tó ń fà láti fi tu ara rẹ̀ ń tú jáde bó ti yẹ.

Títà gan-an ní ìlànà tirẹ̀. Ojú ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti ń san owó, àgbà kan láti ọ̀dọ̀ olùtà, àgbà kan láti ọ̀dọ̀ olùrà, obì á sì wà nílẹ̀. Oníṣòwò kì í fẹnu ara rẹ̀ bu ọjà rẹ̀ kù. Kò sí ẹni tó ń retí pé kí aláṣu fi ojú ìdin han oníbàárà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yàtọ̀. Bí àgbà bá béèrè lójú obì pé, “Baba, kí ló gbé ọkọ̀ yìí gòkè?” ẹni tó bá purọ́ ti fi ẹ̀mí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣeré, nítorí olùrà nìkan kọ́ ni yóò wọ inú rẹ̀. Wọ́n á béèrè pẹ̀lú bóyá ó ti gbé ẹnìkan sọnù rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan á padà lẹ́yìn rẹ̀; àwọn kan á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ètùtù fún Olókun; onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí á gbàdúrà sí i. Ẹlẹ́kọ̀ọ́ lè pe èyí ní ìbẹ̀rù lásán, àmọ́ ẹni tó bá béèrè ibi tí ọkọ̀ ti rì àti bí ó ṣe rì, yóò gbọ́ ibi tí ọkọ̀ náà ti là.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìdí káfíńtà, nítorí kò sí bí ọwọ́ méjì ṣe lè gbé e. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í fi òwú di ojú igi tó ti jẹrà. Yóò ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, yóò gé títí yóò fi kan igi tó yè, ibi tí ọmọkùnrin náà rò pé pákó mẹ́ta yóò tó sì lè gba mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá iṣẹ́ dúró, kí ó kùn ún bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni olùtà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tì í sínú omi tí kò jìn, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Yóò jò ní ọjọ́ kìíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo. Pákó gbígbẹ ní láti mu omi kí ó wú, kí àwọn ojú àsopọ̀ tó pa mọ́ra.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìpín àkọ́kọ́. Ọlọ́kọ̀ tuntun jẹ káfíńtà lówó, ó jẹ ẹgbẹ́ alájọ lówó, ojú gbogbo ilé sì wà lára rẹ̀. Ìyá tó ń gba ẹja lọ́wọ́ wọn láti yan ti ka owó sílẹ̀: ti epo, ti àwọn ọmọ ọkọ̀, ti àwọ̀n. Ó ku ti ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà na ọwọ́ sí i.

“Dúró ná, ọmọ mi,” ni àgbà tó bá a ra ọkọ̀ wí. “Ti igi nìyẹn.”

Ìyá mú owó náà, ó dì í sí etí ìró rẹ̀, lọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fi ń ra ẹja, ó sì bi ọmọkùnrin náà léèrè iye tí wọ́n ń ta òwú àti ọ̀dà ní ọjà Ìgbókọ̀dá.