Ẹ̀ka Patọ́lọ́jì, Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹ̀ka Patọ́lọ́jì ti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó wà ní ilé-ìwòsàn UCH, ní ìlú Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ a máa yẹ ẹran ara aláìsàn tàbí òkú wò láti mọ irú àrùn tí ó bá a jà.

Iṣẹ́ tí ó sọ ẹ̀ka náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington. Àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé lymphoma Burkitt, tí ó sábà máa ń wú ní àgbọ̀n, ni jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọdé Ìbàdàn nígbà náà. Edington àti H. M. Gilles kọ ìwé Pathology in the Tropics ní ọdún 1969. Ní ọdún 1972, òun àti H. A. White ṣàpèjúwe ohun tí ibà Lassa ń ṣe nínú ara.

Ìwádìí jẹjẹrẹ ọyàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade ti Yunifásítì Chicago àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1998 ti rí owó ìrànwọ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n owó ìwádìí a máa ní gbèdéke. Àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ kò ní. Ọdún tí a kò bá kọ aláìsàn sílẹ̀, ó ṣòro láti mọ̀ bóyá àrùn náà ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dínkù.