Bí Ooru Ṣe Ń Sọ Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Di Òkè fún Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹni tí ó bá ń rìn ní ojú ọ̀nà láti Ajue sí Ọ̀rẹ̀ yóò ti rí lọ́rì agbégẹdú tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, tí ó ń kérora bí ó ti ń gun òkè. Bí ẹ́ńjìnì bá kọ̀ jálẹ̀, ọmọ ọkọ̀ a bẹ́ sílẹ̀, a fi igi há a ní táyà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ. Ohun yòówù tí ó wù kí ó ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ ni ó gbé lọ́rì náà ró. Ọkọ̀ òfuurufú kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ọ̀ràn rẹ̀ ń yanjú: yálà kí ó gbéra, tàbí kí ilẹ̀ tán níwájú rẹ̀.

Kí ni ń gbé e sókè gan-an? Kì í ṣe ẹ́ńjìnì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ẹ́ńjìnì ń tì í síwájú ni. Afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn kọjá lára apá rẹ̀ méjèèjì ni ó ń gbé e. Afẹ́fẹ́ yìí, bí ojú kò tilẹ̀ rí i, ó ní ìwọ̀n. Ní etí òkun, àpótí tí ó gùn ní mítà 1, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì jìn ní mítà 1, yóò gba afẹ́fẹ́ tí ó wúwo ju kìlógíráàmù 1 lọ díẹ̀. Bí a bá ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Ooru pẹ̀lú a máa mú kí ó wú, kí ó sì tú ká, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó kù fún apá ọkọ̀ láti gbára lé yóò dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ wa. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Jọ́s, tí ó wà ní Heipang, fi nǹkan bí mítà 1,290 ga ju òkun lọ. Ní ọjọ́ tí ooru ibẹ̀ bá dé ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 5 èyí tí àwọn onímọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n ní etí òkun. Kánò kò ga tó bẹ́ẹ̀. Kò tó mítà 500. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù April bá dé, tí ooru ọ̀sán sì gùn dé 40, afẹ́fẹ́ Kánò yóò fẹ́lẹ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Jọ́s dọ́gba ní òwúrọ̀ tútù. Oòrùn ti gbé ìlú náà gun òkè, ẹnikẹ́ni kò sì rí i. Lójú tèmi, níbí gan-an ni ewu náà sá pamọ́ sí, nítorí awakọ̀ tí ó bá dé Jọ́s mọ̀ pé orí òkè ni òun wà.

Nínú irú afẹ́fẹ́ Jọ́s tí a sọ yìí, ọkọ̀ ní láti fi nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 kún eré rẹ̀ kí apá rẹ̀ tó lè gbé ìwọ̀n ẹrù kan náà. Ẹ́ńjìnì tí yóò sì fún un ní eré yìí, afẹ́fẹ́ kan náà ni òun náà ń mí, nítorí náà agbára tirẹ̀ pẹ̀lú ti rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ fi ń ṣe ìṣirò kí wọ́n tó gbéra: gígùn ojú ọ̀nà, ooru, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́, àti ìwúwo ọkọ̀. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ìwọ̀n eré kan tí a lè pè ní eré ìpinnu. Kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, bí ẹ́ńjìnì kan bá kú, wọ́n lè dúró. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, àfi kí wọ́n máa lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi irọ́ sínú ìṣirò, irọ́ ni yóò jáde. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003, Boeing 727 kan tí ó ti Conakry dé Kútọ̀nú fẹ́ gbéra níbẹ̀ ní nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán. Púpọ̀ nínú àwọn èrò rẹ̀ jẹ́ ará Lébánónì tí ń lọ sílé fún ọdún. Kútọ̀nú kì í ṣe ìlú orí òkè rárá, etí òkun ni, ṣùgbọ́n ọ̀sán mú, ojú ọ̀nà ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí mítà 2,400 lọ. Tọ́ọ̀nù 78 ni àwọn awakọ̀ fi ṣe ìṣirò; nígbà tí àwọn aṣèwádìí ilẹ̀ Faransé yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ó tó nǹkan bí 85. Ẹrù sì ti pọ̀ jù sí apá iwájú, láìjẹ́ pé àwọn awakọ̀ mọ̀. Imú ọkọ̀ kò gbé sókè bọ̀rọ̀. Ó kọlu ilé kékeré kan ní ìparí pápá, ó sì já sí etí òkun. Ó ju 130 ènìyàn lọ tí ó kú.

Ní Nairobi, tí ó ga ju mítà 1,600 lọ, Boeing 747 kan ti ilé iṣẹ́ Lufthansa já lulẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù November, ọdún 1974, bí ó ti gbéra tán, nítorí pé a kò na àwọn abala etí iwájú apá rẹ̀ jáde. Ènìyàn 59 nínú 157 ni ó kú. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, àyè àṣìṣe kì í pọ̀.

Àwọn aṣẹ̀rọ mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Torí irú pápá bí Kánò, Nairobi àti Johannesburg ni a fi ṣe VC10 fún BOAC, tí a kó ẹ́ńjìnì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdí kí apá lè ráyè ṣiṣẹ́. Láti London sí Èkó ni ó kọ́kọ́ kó èrò, ní ọjọ́ 29 oṣù April, ọdún 1964. Ọkọ̀ tí ó rẹwà ni, ṣùgbọ́n ó ń mu epo púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú sì ń mú ojú ọ̀nà wọn gùn sí i. Ti Johannesburg ju mítà 4,400 lọ.

Níbi tí a kò ti lè fa ọ̀nà gùn, àfi kí á gbéra ní òwúrọ̀ kùtù, tàbí kí á dín epo kù, tàbí kí á dín ẹrù kù. Ti ẹrù yìí ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwa oníṣòwò ilẹ̀ yìí fẹ́ràn láti fi àpò kan há abíyá, kí á sì sọ fún ẹni tí ó wà nídìí òṣùwọ̀n pé aṣọ díẹ̀ ni. Àpò náà kò ní han nínú ìwé tí a fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n apá ọkọ̀ yóò gbé e.