Ẹni Tí Ó Fi Orí Ṣèṣe: Ìgbà Wo Ni A Tó Lè Sọ Pé Ó Ti Yá?

Bí ọkọ̀ bá dànù, tí ẹnìkan fi orí gbálẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa, ohun tí àwa ará ilé máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ojú ọgbẹ́ ti jinná?" Bí ó bá ti jinná, a dúpẹ́, ó parí. Èmi kò rò pé ó parí. Ọpọlọ tí ó fara pa lè mú kí ènìyàn máa gbàgbé nǹkan, kí ó máa tètè bínú, kí ó sì máa tètè rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ a kò rí àpá kankan.

Ní ọdún 1993, Ọ̀mọ̀wé Barry Willer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè 15 kan jáde, tí kò kan ọgbẹ́ rárá. Ta ní ń ra nǹkan tí ẹ ń lò nílé? Ta ní ń se oúnjẹ? Ta ní ń tọ́jú owó rẹ? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni o ń bẹ ọ̀rẹ́ wò? Ṣé o ní ọ̀rẹ́ tí o lè finú hàn? Ṣé o ń ṣiṣẹ́ tàbí o ń kàwé? Máàkì 10 ni ti ilé, 12 ni ti ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́, 7 ni ti iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́; àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29. Bí máàkì bá ti pọ̀ tó ni ẹni náà ti padà sí àárín ènìyàn tó.

Ẹ̀yin tíṣà yóò sọ pé máàkì nìkan kò tó, òótọ́ sì ni. Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ rí kí ó tó ṣèṣe, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2001, Ọ̀mọ̀wé Mary Ann McColl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé gbólóhùn 10 mìíràn kalẹ̀, tí ẹni tí ó ṣèṣe yóò fi sọ ti ọkàn rẹ̀ fúnra rẹ̀: ṣé ó ka ara rẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò, ṣé wọ́n sì gbà á mọ́ra?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń mú wa gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a ń bá a dáhùn ọ̀rọ̀, tí a kò jẹ́ kí ó dé ìsọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ kí ó ka owó ọjà, kí ẹnìkan jókòó tì í. Bí ó bá ń gbàgbé iye ọjà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Ẹ mú un lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ọkọ̀ wíwà nìkan ni kí ó dúró de àṣẹ dókítà.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tún bi í ní irú ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí ìtẹ̀síwájú, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwa tí a yí i ká ni a kò fún un ní àyè.