Ìdí Tí Àlọ Amẹ́ríkà Fi Ń Pẹ́ Ju Àbọ̀ Lọ

Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Gatwick ní London ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní ohun mìíràn tí ó yẹ ní àkíyèsí: nǹkan bí wákàtí 6 àti ààbọ̀ ni ó ń gbà, ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ti Èkó sí Atlanta ní Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ju 9,000 kìlómítà lọ, àlọ rẹ̀ sì máa ń lé ní wákàtí 12, nígbà tí àbọ̀ sábà máa ń jẹ́ wákàtí 11 àti díẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ayé ni ó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Àlàyé yìí kò lè dúró, nítorí ìlà-oòrùn ni ayé ń yí sí, ní ìyára tí ó ju 1,600 kìlómítà lọ ní wákàtí kan ní agbègbè Èkó. Bí ọkọ̀ kò bá bá ilẹ̀ yí, Amẹ́ríkà ni ìbá máa sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀, àlọ ni ìbá sì yá ju àbọ̀ lọ. Òdìkejì èyí gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ ni wọ́n jọ ń yí.

Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń pè ní jet stream, ìyẹn atẹ́gùn líle tí ó ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bí kìlómítà 10 sókè, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà kọjá. Ooru ilẹ̀ wa àti òtútù àríwá tí wọn kò dọ́gba ni ó ń bí i, yíyí ayé ni ó sì ń darí rẹ̀, nítorí náà àwọn tí ó ń dárúkọ yíyí ayé kò kúkú jìnnà pátápátá sí òtítọ́. Bí ọkọ̀ bá ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan nínú afẹ́fẹ́, tí atẹ́gùn 100 sì ń tì í lẹ́yìn, 1,000 ni yóò rìn lórí ilẹ̀. Bí ó bá kọjú sí atẹ́gùn náà, 800 ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà ìjì Ciara, ọkọ̀ British Airways kan gbéra ní New York, ó sì dé London kí wákàtí 5 tó pé. Ní ti Èkó sí London, gúúsù sí àríwá ni, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn náà sì sábà máa ń gbà fẹ́ lu ọkọ̀.

Wasaburo Ooishi, ará Japan, ti fi bàlúùnù wọn atẹ́gùn yìí ní àwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n èdè Esperanto ni ó fi kọ àbájáde rẹ̀ ní 1926, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì kà á, títí tí ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà fi kó sínú atẹ́gùn náà lókè Japan ní 1944.

Agbára jet stream kò tó bẹ́ẹ̀ nítòsí Èkó, nítorí náà ó jọ pé apá ìwọ̀-oòrùn òkun Àtìláńtíìkì ni ọkọ̀ ti ń pàdánù àkókò jù, pàápàá ní ìgbà òtútù ìhà àríwá.

Kí ẹni tí ó ń lọ pàdé àlejò láti Atlanta ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní Èkó má ṣe fi wákàtí àlọ ṣírò ti àbọ̀: aago Nàìjíríà ni wọ́n fi ń kọ àkókò tí ọkọ̀ yóò balẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì.