Jẹjẹrẹ Pánkíríásì: Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Ta Ọjà Yín

 

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Malete, ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ pánkíríásì la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Pánkíríásì wà nínú ikùn, lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Òun ló ń bá wa da oúnjẹ, tó sì ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ máa ń sá pamọ́. Kí èèyàn tó mọ̀, ó lè ti ràn dé ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ abẹ ò sì ní lè mú un kúrò mọ́.

Tó bá dé bẹ́ẹ̀, kẹmó ni dókítà máa ń sọ, oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa oògùn pọ̀. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kéde èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 342. Nínú àwọn tó gba gemcitabine nìkan, ìdajì ò lò tó oṣù 7. Nínú àwọn tó gba oògùn mẹ́rin pọ̀, tí wọ́n ń pè ní FOLFIRINOX, ìdajì lò ju oṣù 11 lọ. Kì í ṣe pé ó wò wọ́n sàn o, ọjọ́ ló fi kún ọjọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tára wọn ṣì le ni wọ́n mú sínú ìdánwò yẹn. Ní ilé ìwòsàn lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ti rù kí wọ́n tó dé. Bí dókítà bá dín oògùn kù, tàbí tó lo ẹyọ kan, kì í ṣe pé ó rẹ́ yín jẹ. Ara ló ń wò.

Kẹmó lè mú èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti ìka tó kú tipiri wá. Bí ara ẹni tó ń gbà á bá gbóná, ẹ má rà oògùn ibà ní kẹ́mísì o! Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Kí ẹ tó ta ìsọ̀, ẹ béèrè: Ṣé ara rẹ̀ á gbà á? Èló ni lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mélòó? Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí kò bá sì lè gba kẹmó, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú ìrora rẹ̀. Ìtọ́jú gidi nìyẹn náà.

Bí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ dúdú, tí èèyàn ń rù láìnídìí, tí inú ń ro ó dé ẹ̀yìn, ẹ má kàn pè é ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kí ẹ máa mu àgbo. UITH Ìlọrin ò jìnnà sí wa. Ẹ tètè lọ.